Bí Ọwọ́ Ṣe Dé Etí Ọbà

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo bá àwòrán kan pàdé ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní VGC, l'Ékòó. Ọba kan jókòó, oṣé, àáké olójú méjì, wà lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin méjì gbé oúnjẹ wá fún un. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín. Èkejì fi ọwọ́ òsì bo etí. Mo ní bóyá ariwo ìlù ló pọ̀ jù fún un. Màmá ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n ti Ìwó wá kí ọmọ, gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Etí wo? Kò sí etí níbẹ̀ mọ́, ọmọ mi."

Ṣàngó ni ọba inú àwòrán náà, Ọbà ló bo etí. Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, fẹ́ Ọya, Ọ̀ṣun àti Ọbà. Gbogbo wa mọ ìyẹn. Ti ọbẹ̀ ni màmá jókòó sọ. Ọbà bi Ọ̀ṣun pé kí ló ń fi sọ́bẹ̀ tí ọkọ àwọn fi ń lá àwo. Ọ̀ṣun we gèlè bo etí méjèèjì, ó ju olú ńlá méjì sínú ìkòkò, ó ní etí òun nìyẹn. Ọbà délé, ó gé etí tirẹ̀ kan, ó sè é. Ìríra mú Ṣàngó. Ni Ọ̀ṣun bá tú gèlè, etí rẹ̀ méjèèjì pé. Ìjà bẹ́, ìbínú ọkọ lé wọn jáde, wọ́n sì di odò.

Baba kan, ọmọ Òṣogbo, tó wà níjòókòó kò jẹ́ kí màmá mí.

"Ìyá wa, ẹ má ba Ọ̀ṣun lórúkọ jẹ́. Ọya ló ṣe é."

Màmá dáhùn pé, "Ẹ lọ wo ibi tí odò Ọbà àti odò Ọ̀ṣun ti pàdé, bí omi ṣe ń hó. Ṣé Ọya ni Ọbà ń bá jà níbẹ̀?"

Baba ní Odò Ọbà tó wà ní Ìwó, ìlú wọn, ni màmá ń gbè lẹ́yìn. Ní Kúbà pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, àwọn kan ní Ọ̀ṣun ló tan Ọbà, àwọn mìíràn ní Ọya ni. Ti màmá ni mo gbà: inú Ọ̀ṣun ni Odò Ọbà ṣàn wọ̀, kò dé Odò Ọya.

Àwọn òyìnbó náà ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ kò ní lóye. Nínú Venus àti Adonis tí Rubens kùn láàárín ọdún 1630 sí 1640, tó wà ní New York báyìí, ọmọdé abìyẹ́ kan di ẹsẹ̀ Adonis mú, ajá ọdẹ sì ń dúró dè é. Ẹni tó gbọ́ ìtàn mọ̀ pé ìfẹ́ ló dì í mú, pé ìgbẹ́ ọdẹ tó ń lọ ni ikú ti ń dúró. Ẹni tí kò gbọ́ á ní ọmọ ń ṣeré.

Ọwọ́ tó bo etí nínú àwòrán tiwa, lójú tèmi, ọ̀dọ̀ oníjó ló ti bọ́ sọ́wọ́ ayàwòrán. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà náà, bí Ọbà bá gun elégùn, ọwọ́ ló fi ń bo etí jó. Àwọn ayàwòrán tó jáde láti Mbari Mbayo, ibùdó iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, níbi tí Dúró Ládiípọ̀ ti ṣe Ọba Kò So, eré nípa Ṣàngó, ti gbọ́ ìtàn òrìṣà kí wọ́n tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Òṣogbo náà ni ayàwòrán Nike Davies-Okundaye ti ṣiṣẹ́ kí ilé àwòrán rẹ̀ tó dé Lẹ́kí.

Ọmọ-ọmọ màmá, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jókòó tì wá, fóònù lọ́wọ́. Abẹ́ àwòrán yìí ló ti ń jẹun láti kékeré, kò sì gbọ́ orúkọ Ọbà rí. Ó dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irú rẹ̀ sí pálọ̀, kí màmá yín tó padà sílé, ẹ kó àwọn ọmọ jókòó síwájú rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu màmá.