Èwo Ni Kí Á Kọ́kọ́ Ṣe? Yíyan Iṣẹ́ Ọ̀nà àti Ojú Irin ní Nàìjíríà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó tí ìjọba yóò fi la gbogbo ọ̀nà náà kì í tó lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí á wá kọ́kọ́ mú? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ẹni tí ó ń yàn ni ó ń pinnu ẹni tí yóò jàǹfààní. Ìjọba amúnisìn ni ó la ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì gbé e dé Kánò ní 1912. Bí irè oko bí òwú àti ẹ̀pà yóò ṣe dé èbúté ni ó jẹ wọ́n lógún, nítorí náà láti àríwá sí gúúsù ni irin náà gbà. Títí di òní, kò sí ojú irin tí ó gba etí òkun so Èkó mọ́ Port Harcourt.

Lójú tiwa, àtúnṣe ni àwọn aláṣẹ máa ń fojú fò jù. Ọ̀nà tuntun ní ayẹyẹ ìṣíde. Ta ni yóò ṣe ayẹyẹ nítorí kòtò tí a dí? Bẹ́ẹ̀, omi tí ó bá gba ojú ọ̀dà tí ó ti lanu wọlé yóò sọ ìpìlẹ̀ ọ̀nà di ẹrẹ̀, ohun tí ọ̀dà díẹ̀ ì bá dí yóò sì di títún ṣe láti ìsàlẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe dá àjọ FERMA sílẹ̀ ní 2002, láti máa tọ́jú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀.

Iye ọkọ̀ nìkan kò sì tó láti fi díwọ̀n. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti fi ìdánwò hàn pé bí ìwúwo tí ó wà lórí ọ̀pá tí ó so táyà ọkọ̀ pọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìpalára tí yóò ṣe fún ọ̀nà yóò tó ìlọ́po 16. Ọkọ̀ àjàgbé kan lè ba ọ̀nà jẹ́ ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ kéékèèké lọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gùn tó kìlómítà 157, tí a ṣí ní 2021. Èrò ni ó kọ́kọ́ ń gbé. Bí ó bá gba ẹrù Apapa lọ́wọ́ àwọn àjàgbé, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ́ rẹ̀ ní 2013, yóò pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Owó ọ̀nà tí kò bàjẹ́ yìí yẹ kí ó wà nínú ìṣirò èrè irin náà, kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ̀yáwó láti Ṣáínà sì wà lára owó tí a fi kọ́ ọ. A ó san án, yálà ọkọ̀ náà kún tàbí kò kún.