Ààfin Tí Ọba Kò Gbé: Àjọ̀dún Orin ní Granada

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ìbátan tí ó wà láàrin orin àti ilé tí a ti ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé gbọ̀ngàn tí ó tutù, tí kò sì sí ariwo níbẹ̀, ti tó fún orin àkọsílẹ̀ àwọn ará Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ilé a máa ní ìtàn, ìtàn náà a sì máa bá orin sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni àjọ̀dún orin àti ijó tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún láti ọdún 1952 ní ìlú Granada, ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì.

Lórí òkè kan ní ìlú yìí ni Alhambra wà, èyí tí í ṣe ààfin àwọn ọba Mùsùlùmí ìdílé Nasrid. Ní ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1492 ni èyí tí ó jẹ kẹ́yìn nínú wọn fi ìlú lé Ferdinand àti Isabella, àwọn ọba onígbàgbọ́, lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ àwọn méjèèjì yìí, Ọba Charles Karùn-ún, ni ó pàṣẹ pé kí a kọ́ ààfin tirẹ̀ ti ààfin àwọn tí a ṣẹ́gun. Pedro Machuca ni ó ya àwòrán rẹ̀. Bí a bá wò ó lóde, onígun mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n àgbàlá inú rẹ̀ rí róbótó, òpó 32 ni ó sì yí i ká nísàlẹ̀, tí 32 mìíràn tún wà lókè.

Owó ta ni a fi kọ́ ọ? Apá pàtàkì nínú rẹ̀ wá láti ọwọ́ àwọn Morisco, èyíinì ni àwọn Mùsùlùmí tí a fi túláàsì sọ di onígbàgbọ́ àti àwọn ọmọ wọn. Wọ́n sanwó ní 1526 kí a lè fi wọ́n sílẹ̀ fún ogójì ọdún láti máa sọ èdè wọn, kí wọ́n sì máa wọ aṣọ wọn. Nígbà tí àkókò náà pé, tí a sì tún fi òfin dè wọ́n, wọ́n ṣọ̀tẹ̀ ní 1568. Iṣẹ́ ààfin sì dúró. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni ilé náà wà láìní òrùlé. Charles kò gbé ibẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọba mìíràn tí ó gbé e.

Orin ni ó wá gba ipò tí ọba fi sílẹ̀. Láti 1883 ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá ti ń ṣeré nínú àgbàlá náà, àjọ̀dún ti 1952 sì sọ ọ́ di àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́sàn-án, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ni: àwọn ohun èlò ayé Nasrid wà nísàlẹ̀, àwọn àwòrán sì wà lókè. Lóru, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀, àwọn olórin a jókòó sí àgbàlá, ojú ọ̀run ni ó sì ń bò wọ́n. Òkúta àti òpó a máa dá ohùn padà fún àwọn olùgbọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé orin àkọsílẹ̀ nìkan ni ó yẹ irú ibẹ̀? Manuel de Falla àti akéwì Federico García Lorca ti wà lára àwọn tí ó dá ìbéèrè yìí lóhùn. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1922, wọ́n kópa nínú ìdíje orin *cante jondo* tí ó wáyé nínú ọgbà Alhambra kan náà. Orin àtẹnudẹ́nu ni èyí, orin àwọn tálákà àti àwọn Gitano, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò kà sí.

Ẹ̀kọ́ méjì ni àwa olùkọ́ lè fà yọ. Èkíní, ilé tí a kò lò, ìparun ni í kángun sí. Èkejì, adùn orin kò gbọdọ̀ mú wa gbàgbé àwọn tí ó fi owó wọn ra àǹfààní láti sọ èdè ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní orin náà láìsọ ìtàn yìí fún un, ìdajì ni a kọ́ ọ.