Orúkọ Nìkan Kò Tó: Yíyan Yunifásítì ní Òkè-Òkun

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ọ̀nà tí ó yẹ kí òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ gbà yan yunifásítì ní òkè-òkun. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1876 ni Fourah Bay College ní Freetown so mọ́ Yunifásítì Durham, tí ọmọ Áfíríkà fi lè gba oyè Durham láì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fourah Bay ni Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, tí ó di ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, ti kàwé. Ní 1919 ni Fúnmiláyọ̀, tí ó wá di aya rẹ̀, lọ sí Wincham Hall ní Cheshire; ó padà wálé ní 1922.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ọmọkùnrin wọn mẹ́ta. Olikoye kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Trinity College, Dublin. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọmọdé, ó sì jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 títí di 1992. Beko di dókítà ní Manchester ní 1963. Ní ti Fẹlá, iṣẹ́ ìṣègùn ni wọ́n rán an lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1958, ṣùgbọ́n orin ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó sì wọ Trinity College of Music.

Trinity méjì rèé nínú ìdílé kan. Ọ̀kan jẹ́ yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1592. Èkejì jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ orin. Bí Olikoye bá wọ ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kò lè di dókítà níbẹ̀. Yorùbá ní ilé ni à á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ní ti yunifásítì, inú ilé ni kí á wò kí á tó gba orúkọ gbọ́.

Kí ni à ń wò? Èkíní ni ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ ibẹ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká kúrò ní Ìbàdàn ní 1954, Leeds ni ó lọ. Leeds kò lókìkí tó Oxford, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni G. Wilson Knight, àgbà nínú ìmọ̀ eré Shakespeare, ti kọ́ ọ.

Èkejì ni bí ìwé-ẹ̀rí náà yóò ti rí bí a bá délé. Dókítà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lókè-òkun gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìgbìmọ̀ tí ń rí sí iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà kí ó tó gbàṣẹ iṣẹ́. Ẹni tí ó kọ́ òfin níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe Apá Kìíní ní Ilé-ẹ̀kọ́ Amòfin, kí ó tó bá àwọn tí ó kàwé nílé pàdé ní Apá Kejì. Ẹni tí kò bá wádìí èyí kí ó tó lọ, ọdún mìíràn àti owó mìíràn ni yóò bá nílé.

Ẹ̀kẹta ni owó. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó gbé M. K. O. Abíọ́lá, ọmọ Baptist Boys' High School, Abẹ́òkúta, dé Yunifásítì Glasgow. Òbí tí ó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ṣe é, owó gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ ni kí ó ṣírò, nítorí pàṣípààrọ̀ owó kì í dúró lójú kan. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ san owó ọdún kìíní, tí kò mọ ibi tí ti ọdún kejì yóò ti wá, àárín ọ̀nà ni ó fi ọmọ sí.

Lẹ́yìn tí Fẹlá ti gúnlẹ̀ ni ó tó yan ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, ó sì bọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ni kì í bọ́ sí fún. Nítorí náà, kí á tó ka orúkọ yunifásítì kankan, nílé ni kí á ti bi ọmọ léèrè: kí ni ìwọ fẹ́ kọ́?