Ǹjẹ́ Ìbò Ẹnì Kan Já Mọ́ Nǹkan?

Ní ọjọ́ kan tí a ń jiyàn nípa ètò ìdìbò ní kíláàsì, ọmọkùnrin kan dìde, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kọ̀ láti lọ dìbò nígbà tí a yan Ààrẹ ní ọdún 2023. Bàbá wọn bá a wí gidigidi, ṣùgbọ́n èsì tí ẹ̀gbọ́n náà fọ̀ ni pé, “Bàbá, bí mo lọ, bí n kò lọ, ẹni tí yóò wọlé yóò wọlé. Igbá omi kan kò lè mú kí odò Ògùn kún.” Ọmọ náà wá bi mí pé, “Sà, ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì?” N kò dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí ó ti rò lọ.

Mo ní kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń yan Ààrẹ láti ọdún 1789. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwa náà ti kọ́ irú ìjọba yìí, tí a fi sínú òfin ìjọba wa ti ọdún 1979.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ni yóò di Ààrẹ. Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ará Amẹ́ríkà bá dìbò ní oṣù Kọkànlá, kì í ṣe Ààrẹ gan-an ni ó ń yàn. Àwọn aṣojú tí yóò yan Ààrẹ ni ó ń yàn. A lè fi wọ́n wé àwọn afọbajẹ ilẹ̀ wa. Gbogbo ìlú ni ó ni ọba, ṣùgbọ́n àwọn afọbajẹ ni ó ń mú ẹni tí yóò gorí ìtẹ́. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá: àwọn afọbajẹ tiwa a máa gbìmọ̀, wọn a sì máa wádìí lọ́dọ̀ Ifá, ṣùgbọ́n àwọn ti Amẹ́ríkà ti ṣe ìlérí tiwọn tẹ́lẹ̀. A ti mọ ẹni tí wọn yóò dìbò fún kí wọ́n tó pàdé.

Àwọn aṣojú wọ̀nyí jẹ́ 538. Iye aṣòfin tí ìpínlẹ̀ kan ní ní ilé aṣòfin méjèèjì ni iye aṣojú tí a fún un. Washington, olú-ìlú wọn, tí kì í ṣe ìpínlẹ̀, ní 3. Nínú ìdìbò ọdún 2024, California ní 54, Wyoming sì ní 3. Ẹni tí ó bá kó 270 ni ó wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú nìyí. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ wọn, àfi Maine àti Nebraska, ẹni tí ó bá borí, ìbáà ṣe pẹ̀lú ìbò kan ṣoṣo, ni yóò kó gbogbo aṣojú ìpínlẹ̀ náà. Ẹni kejì kò rí nǹkan kan mú. Ní ọdún 2020, àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 6 ni ó dìbò fún Donald Trump ní California. Kò sí ìpínlẹ̀ mìíràn tí ó ti rí ìbò tó bẹ́ẹ̀ gbà lọ́dún náà, síbẹ̀ kò rí aṣojú kan ṣoṣo níbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí bá jẹ́ ará California ni, díẹ̀ ni ìbá kù kí n dá a láre.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2000 láàrin George W. Bush àti Al Gore. Bí a bá ro ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè náà pọ̀, ti Gore fi ohun tí ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ju ti Bush lọ. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá gba aṣojú 25 tí Florida ní ni yóò di Ààrẹ, ìbò Florida kò sì fẹ́ yanjú. Ní àwọn agbègbè kan níbẹ̀, ihò ni olùdìbò ń lu sí ara káàdì ìbò. Ihò mìíràn kò là já dáadáa, bébà kékeré tí ó yẹ kí ó jábọ́ sì ń rọ̀ dirodiro. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé káàdì sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó lù ú. Ó lé ní oṣù kan tí wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀, kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá àtúnkà ìbò náà dúró ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Nínú ìbò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 6, ìyàtọ̀ tí a kéde jẹ́ 537. Àwọn ọmọ tí ń péjọ ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa ní òwúrọ̀ ju iye yẹn lọ.

Ọmọ náà tún dìde. Ó ní, “Sà, 537 kì í ṣe 1. Bí ẹnì kan péré nínú àwọn ará Florida bá ti jókòó sílé, Bush náà ni ìbá wọlé.”

Òótọ́ ni ó sọ, inú mi sì dùn pé ó sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń rọ ènìyàn láti dìbò kì í fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò náà pé ọ̀rọ̀ gbogbo Amẹ́ríkà yóò dúró lórí 537. Àwọn tí ó jókòó sílé ní Florida lọ́jọ́ náà ju 537 lọ lọ́nà púpọ̀púpọ̀. Wọn kò mọ ara wọn, olúkúlùkù sì rò pé igbá omi kan ni òun.

Nínú ìdìbò kékeré, igbá omi kan a máa kún odò. Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní ọdún 2017, a tún ìbò kà ní ẹkùn kan, Shelly Simonds sì fi ìbò kan ṣoṣo borí David Yancey. Ní ọjọ́ kejì, ilé-ẹjọ́ gba ìwé ìbò kan tí a ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọlé fún Yancey. Wọ́n di 11,608 sí 11,608. Òfin ibẹ̀ ní kí a ṣẹ́ gègé. Kí ọ̀rọ̀ náà “dìbò” tó di ti òṣèlú ní èdè wa, ohun tí ó ń túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Ìbò ni ẹni tí ó lọ dífá ń dì mọ́wọ́ títí di òní. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, a sọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú àwo, a mú ọ̀kan jáde, ìbò sì mú Yancey. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi ènìyàn 51 sí 49 di ilé aṣòfin náà mú.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sí afọbajẹ kankan láàrin olùdìbò àti Ààrẹ. A ń ro gbogbo ìbò Nàìjíríà pọ̀ láti mọ ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni náà tún gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Ní ọdún 1979, ìpínlẹ̀ 19 ni a ní. Ìbò Alhaji Shehu Shagari ni ó pọ̀ jù, ó sì ní ìdá tí òfin wí ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, tí í ṣe ìkẹtàlá, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ni ó ní. Kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19? Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ta ni ó lè gé ìpínlẹ̀ sí mẹ́ta bí ẹni gé iṣu? Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ìpínlẹ̀ 13 ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ṣùgbọ́n wọ́n dá Shagari láre. Àwọn ará Kano tí ó tò lọ dìbò ní oṣù Kẹjọ ọdún náà kò lè mọ̀ pé ìbò tiwọn ni àwọn agbẹjọ́rò yóò máa pín sí wẹ́wẹ́.

Mo sọ fún ọmọ náà pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe ará California. Ìbò tí kò lọ dì, ibi méjì ni a ìbá ti kà á: nínú ti gbogbo orílẹ̀-èdè, àti nínú ti ìpínlẹ̀ wa. Ó ní òun yóò jíṣẹ́ náà fún un nílé. N kò tíì gbọ́ èsì.