Ta Ní Ń Kọ́ Ọ̀dọ́ ní Sìgá àti Ọtí?

Nígbà tí òbí bá gbọ́ pé ọmọ òun ti ń fa sìgá, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé ẹgbẹ́ búburú ni ó bà á jẹ́. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Kí ọ̀rẹ́ tó fi sìgá lọ ọmọ ọdún 15, ẹ̀kọ́ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́.

Iṣẹ́ jíjẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàárín Yorùbá, ọmọdé kì í kọ iṣẹ́ àgbà. Bàbá á ní kí ọmọ sáré lọ ra sìgá wá. Bí àlejò bá dé, ọmọ náà ni yóò gbé ọtí kalẹ̀, òun ni yóò sì kó ìgò kúrò. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó mu ún, síbẹ̀ ó ti mọ orúkọ rẹ̀, iye owó rẹ̀ àti òórùn rẹ̀, ó sì ti rí i pé ohun tí a fi ń yẹ́ àlejò sí ni. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí tábà ní 2015 ka títa sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, ó sì ka títà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti ti ọwọ́ bàbá rẹ̀ gba owó tí ó fi mọ ọ̀nà ìsọ̀ náà.

Ọ̀wọ̀ pàápàá lọ́wọ́ sí i. Ní ìdí ẹmu, àwọn ọ̀dọ́ a máa bu fún àgbà, ojú àgbà a sì máa wọn èyí tí wọn ń mu. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ kì í fa sìgá níwájú baba rẹ̀. Ìwà rere ni. Àmọ́ ó sọ ọ́ di pé kìkì àwọn ojúgbà rẹ̀ ni ó lè fà á lójú wọn, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò sọ pé ó tó. Bàbá kò rí i, ó sì gbà pé kò sí. Ọtí inú ọ̀rá, tí àjọ NAFDAC dáwọ́ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ dúró ní 2022, rọrùn láti fi pamọ́ sínú àpò aṣọ ilé-ìwé.

Ní ti ọ̀rẹ́, Denise Kandel tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 1978 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní New York. Igbó mímu wà lára ohun tí ó yẹ̀ wò. Ó rí i pé ọ̀nà méjì ni àwọn ọ̀rẹ́ fi ń jọra, agbára méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: wọ́n ti jọra kí wọ́n tó yan ara wọn, wọ́n sì tún ń fa ara wọn lẹ́yìn náà. Ọmọ a máa gbé nǹkan ti ilé wá kí ó tó yan ọ̀rẹ́.

Ẹni tí a sábà máa ń gbàgbé ni ẹ̀gbọ́n. Ará ilé ni, síbẹ̀ àbúrò kì í sá fún un bí ó ti ń sá fún bàbá. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń fa sìgá, ilé àti ẹgbẹ́ ti di ọ̀kan lójú àbúrò. Bí kò bá sì fà á, òun ni àbúrò lè bi ní ìbéèrè tí kò jẹ́ bi bàbá láéláé.