Nítorí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, òṣìṣẹ́ ń bá òṣìṣẹ́ jà n'Íjẹ̀bú-Òde, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ èyí tó mọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìjà ọ́fíìsì ti ń bẹ̀rẹ̀, kó má wulẹ̀ yọjú sí yàrá ìpàdé. Kó lọ dúró sí kọ̀rọ̀dọ̀ tó lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, yálà ní Fọlágbadé ni o, tàbí lápá Òkè-Ajé, tàbí ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ ìwé n'Íjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni yóò ti rí àwọn èèyàn ńlá tí wọ́n wọ kóòtù, tí wọ́n de táì mọ́rùn, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ kan lé èkejì bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ò fún láyè àtijáde.

Mọ́ńdè yàtọ̀ sọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà n'Íjẹ̀bú-Òde ló jẹ́ pé Èkó ni ilé àti ọmọ wà. Láàárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń jáde, wọn á wọkọ̀ gba Ṣágámù wá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á dá wọn dúró lójú ọ̀nà, ẹni tó bá sì ti mu tíì kó tó jáde nílé ti dáràn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá máa fi dé ọ́fíìsì, kò sáyè ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrìn. Báàgì ni wọ́n máa jù sórí tábìlì, ó di kọ̀rọ̀dọ̀. Wọ́n á sì bá ẹnìkan nínú ẹ̀. Wọn kì í ṣe kí wọ́n má bá ẹnìkan nínú ẹ̀.

Ẹni tó máa ń wà nínú ẹ̀ yẹn, kò sí ọ́fíìsì tí kò ní irú ẹ̀. Láyé ìjọ́hun, ìwé ìròyìn ló máa ń ká sábẹ́ apá wọlé, ẹni tó bá dúró síta á sì máa gbọ́ bó ṣe ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, fóònù ni. Á wo fídíò, á rẹ́rìn-ín, á dá èsì pa dà fún ẹni tó kọ̀wé sí i, á tún gbé ìpè. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, ohun kan ṣoṣo tó máa sọ ni "Èèyàn wà níbí o!" Bí ẹni pé àwọn tó wà níta rò pé ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀.

Àmọ́ ti ọkùnrin yẹn ṣì sàn, nítorí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń dájà sílẹ̀ ni ẹni tó ṣe tiẹ̀ tán tí kò da omi sí i, tó pa ilẹ̀kùn dé, tó bá tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni náà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí kò ní orúkọ ẹnìkan lẹ́nu. Àwọn ará àkáǹtì á ní àwọn ará ìdí kọ̀ǹpútà ni. Àwọn ará kọ̀ǹpútà á ní dẹ́rẹ́bà ni. Dẹ́rẹ́bà á ní ẹ̀yìn ọgbà lòun máa ń lọ ní tòun, kí wọ́n má pa irọ́ mọ́ òun.

Ẹ wá wo ẹni tí ìyà ẹ̀ pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àǹtí tó jẹ́ẹ́jẹ́ sáré wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó bojú wo inú àwo, ó rí ohun tó rí. Kó jáde pa dà ni? Ọ̀gá àkáǹtì ti dúró síta, bó bá sì ti jáde báyìí, tí ìyẹn wọlé, òun ni wọ́n máa rò pé ó ṣe é. Ló bá ká apá aṣọ sókè, ló bọ́ ìgò omi tó yẹ kó mu, ló ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí fọ ìgbẹ́ dànù. Nígbà tó sì jáde tán, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo ṣe bá a nìyẹn o." Ọ̀gá àkáǹtì á ní kò burú, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò jọ ti ẹni tó gbà á gbọ́.

Ọ̀sán ní tiẹ̀ tún yàtọ̀. Àwọn tó mu gàrí Ìjẹ̀bú tútù nini, tí wọ́n fi ẹ̀pà sí i, síńkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa kó abọ́ lọ fọ̀, títí tí èépá ẹ̀pà fi máa dí ihò ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kírun Àìlà á wá ṣe àlùwàlá níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan á gorí síńkì, ilẹ̀ á tutù rinrin, ẹni tó wọ bàtà gíga á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọn ò sì ní rántí pé lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbààwẹ̀, àwọn náà máa ń ti ara wọn mọ́bẹ̀ gbàdúrà. Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń tìtorí ẹ̀sìn jà. Inú ilé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé, bí Iléyá bá sì di ọjọ́ kẹta, wọ́n jọ ń jáde lọ sí Ojúde Ọba ni. Omi ilẹ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìkan ló fẹ́ sọ wọ́n di ọ̀tá.

Ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn gan-an tó ìwé ìtàn. Àkọ́kọ́ á wà jẹ́jẹ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ da omi sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ jọ̀wọ́ á ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di ẹ̀kẹta, wọ́n ti fi Ọlọ́run sí i, wọ́n ti fi èpè sí i. Tíṣù tí wọ́n ń fi owó ọ́fíìsì rà kì í pé ọjọ́ méjì níbẹ̀, ló bá di pé kálukú ní tiẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Bí ẹ bá rí èèyàn tó dìde, tó rọra ki ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀, tó ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni fẹ́ jalè, ẹ má pariwo. Tíṣù ló ń mú.

Ẹ̀rín ni gbogbo èyí o. Ibi tí kì í ti í ṣẹ̀rín mọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin.

Ọkùnrin lè dúró ṣe tiẹ̀, kó má fara kan nǹkan kan. Obìnrin ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì wà lọ́kàn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́ṣọ̀n. Wọ́n ní orí ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló ti ń fò mọ́ èèyàn. Àwọn lẹ́kùlẹjà ń ta àgbo ẹ̀, àwọn tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì ń pariwo ẹ̀, ìyá sì ń kìlọ̀ ẹ̀ fún ọmọ kó tó lọ síléèwé gíga. Èyí ló fà á tí àwọn kan fi ń gun orí ìjókòó náà tìbàtà-tìbàtà, tí wọ́n ń lóṣòó sórí ẹ̀ bí ẹni wà ní ṣálángá, títí tó fi máa fọ́. Àwọn mìíràn á nà gọ̀ọ́rọ̀, ìtọ̀ á ta sí gbogbo ibẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn á tún bẹ̀rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn á da Izal lé e lórí títí ojú á fi máa ta wọ́n.

Àwọn tó kù ò tiẹ̀ ní lọ rárá. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọn ò ní fomi kan ẹnu. Ìgò omi tí wọ́n gbé wá láti ilé, bí wọ́n ṣe gbé e wá ni wọ́n ṣe máa gbé e lọ. Bí nǹkan oṣù bá dé, tí kò sí omi, tí kò sí ibi tí wọ́n lè da páàdì sí, ẹlòmíì á ní ibà ń ṣe òun, á sì jókòó sílé. Aláboyún tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ẹ fojú inú wo ohun tó ń fara dà.

Ohun tó wá dunni níbẹ̀ ni pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀, ohun tí wọ́n ń sá fún gan-an ni wọ́n ń sá lọ bá. Oríṣiríṣi àìsàn ni wọ́n kó pọ̀ tí wọ́n fún lórúkọ kan ṣoṣo yìí, èyí tó sì ń wá látorí ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì ò wọ́pọ̀ nínú wọn. Kòkòrò tó sábà máa ń fa àrùn ilé ìtọ̀, inú ìfun èèyàn fúnra ẹ̀ ló ti ń wá, nítosí ibẹ̀ náà ló sì ti ń gba ojú ihò ìtọ̀ wọlé. Ihò yẹn kúrú lára obìnrin ju ti ọkùnrin lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tètè mú wọn. Omi téèyàn ń mu, tó sì ń tọ̀ jáde, ló ń ṣan kòkòrò náà dànù. Ẹni tí kò mu omi, tó tún di ìtọ̀ mọ́ra láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àyè ló fún un láti máa bí sí i. Bó bá jẹ́ aláboyún ni, ó lè gòkè lọ sínú kíndìnrín, ó sì lè mú kí ọmọ fẹ́ wáyé láìpé oṣù. Àgbo ò sì lè sọ èwo ló jẹ́ nínú gbogbo wọn. Àyẹ̀wò ní ọsibítù ló lè sọ ọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá ara wọn jà yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì kejì máa ń wà nínú ilé kan náà. Ó mọ́ tónítóní, omi ń yọ níbẹ̀, dígí wà lára ògiri, ọṣẹ olóòórùn dídùn wà lórí síńkì. Ti ọ̀gá ni. Títì ló wà, kọ́kọ́rọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀, bí ọ̀gá bá sì rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà máa fi sinmi. Èèyàn ogún á máa du ẹyọ kan nísàlẹ̀, ẹyọ kan á máa dúró de ẹnìkan lókè. Kò sì sẹ́ni tó máa bínú sí ọ̀gá. Ẹni tí kò da omi sí i ni wọ́n máa bínú sí.

Kì í ṣe pé òfin ò sí o. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1987 ní kí wọ́n pèsè tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó tó, tó sì mọ́, kí tọkùnrin wà lọ́tọ̀, kí tobìnrin wà lọ́tọ̀. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan jáde ni òfin yẹn ń bá wí, kì í ṣe ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Lógúnjọ́ oṣù kọkànlá, ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari, ẹni tí ìjọba ológun ẹ̀ sọ gbígbálẹ̀ di ọ̀rọ̀ ṣọ́jà ní 1984 àti 1985, buwọ́ lu àṣẹ tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 009, pé kí yíyàgbẹ́ sí gbangba dópin ní Nàìjíríà tó bá fi máa di 2025. Wọ́n dárúkọ ọ́fíìsì mọ́ iléèwé, ọjà, ilé ìjọsìn àti ilé epo nínú ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ti gbọ́dọ̀ wà. Ọdún 2025 dé, ẹ̀yìn ọgbà ò tíì ṣófo. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà nílùú ọba mọ̀ pé níbẹ̀, kíkà ni wọ́n kà á: ìlànà tó tẹ̀ lé òfin tí wọ́n ṣe ní 1992 ní òṣìṣẹ́ 6 sí 25 gbọ́dọ̀ ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì 2, òṣìṣẹ́ 26 sí 50 gbọ́dọ̀ ní 3, tòun ti omi gbígbóná àti ọṣẹ.

Nílé níbí, ìyá agbálẹ̀ ni òfin. Òun ló ń kọ́kọ́ dé. Bí kò bá sí iná, ẹ̀rọ ò ní fa omi sókè nínú bọ́hóòlù, táǹkì á gbẹ, òun ló máa lọ fa omi nínú kànga, táá máa gbé e ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gun àtẹ̀gùn. Owó oṣù ẹ̀ ló kéré jù nínú ilé náà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, bí wọ́n bá sì bi í léèrè, ó mọ ẹni tó ń ṣe é. Kò kàn ní sọ ni. Láyé àtijọ́, àwọn agbépòó l'Ékòó máa ń bojú jáde lóru, ẹni tó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n lè gbé póò náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Ìyá agbálẹ̀ ò ní irú agbára yẹn.

Bẹ́ẹ̀ owó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Olóògbé Isaac Durojaiye, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọ̀túnba Gadaffi, tó ti ṣe ẹ̀ṣọ́ fún Olóyè MKO Abíọ́lá, ló dá DMT sílẹ̀ láwọn ọdún 1990, tó ń fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì alágbèéká háyà. Ohun tó fi ń polówó ni pé òwò ìgbẹ́, òwò gidi ni. Látìgbà náà, olówó tó bá ń ṣe ìnáwó n'Íjẹ̀bú lè háyà tọ́ílẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá fún àlejò ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì tí èèyàn ti ń lo wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́, ẹyọ kan péré.

Àwọn obìnrin ò dúró de ọ̀gá mọ́ níbòmíì. Wọ́n á dáwó jọ, wọ́n á ra Izal, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti páànù ìbomi, wọ́n á ra àgádágodo, wọ́n á sọ ilé ìyàgbẹ́ kan di tobìnrin. Wọ́n á kan ìṣó mọ́ ara ògiri, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ há a. Ó máa ń dára títí di Fúráídè, nígbà tí ẹnìkan bá lò ó kẹ́yìn, tó gbàgbé, tó jù ú sínú báàgì, tó sì wọkọ̀ Èkó lọ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo wọn á dúró síwájú ilẹ̀kùn náà, wọ́n á máa fẹsẹ̀ kan lé èkejì, wọ́n á máa pè é lórí fóònù. Á ní kí wọ́n má bínú, òun ti dé Ṣágámù.