Láfà àti Iná: Ìyàtọ̀ àti Ìwọ̀n Ìgbóná Wọn

Láfà ni òkúta yíyọ́ tó ń ṣàn jáde nígbà tí òkè ayọnáyèéfín bá bú. Orúkọ tí Yorùbá ń pe òkè bẹ́ẹ̀ fi hàn pé iná àti èéfín ni ojú kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Cabo Verde, tó wà nínú Òkun Àtìláńtíìkì ní ìwọ̀ oòrùn Sẹ̀nẹ̀gàl, erékùṣù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fogo, èyí tó túmọ̀ sí "iná" ní èdè Potogí. Síbẹ̀, láfà kì í ṣe iná. Igi a máa jó, òkúta a sì máa yọ́. Ohun tó bá jó ti di nǹkan mìíràn. Ohun tó bá yọ́ lè dì padà.

Iná máa ń wáyé nígbà tí ohun tó lè jó, bí igi, epo tàbí gáàsì, bá dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, tí ooru sì pọ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ ìdàpọ̀ náà. Ìdàpọ̀ yìí ló ń mú ooru àti ìmọ́lẹ̀ jáde. Bí ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta yìí bá kúrò, iná yóò kú. Igi tó ti jó tán ti di eérú àti èéfín. Kò tún lè di igi mọ́.

Láfà kò nílò ọ́síjìn. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ni òkúta ti ń yọ́. Mágímà ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tó bá yọ sójú ilẹ̀ ni a ń pè é ní láfà. Apá kan nínú ooru inú ilẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ayé ti bẹ̀rẹ̀. Apá kejì ń wá láti ara àwọn èròjà bíi yuréníọ́mù, tí ń tú ká díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n sì ń mú ooru jáde. Bí òrí tó yọ́ lójú oòrùn ṣe ń dì nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, bẹ́ẹ̀ ni láfà ṣe ń dì padà di òkúta.

Agbẹ̀dẹ ni a ti lè rí ìyàtọ̀ náà kedere. Èédú ń jó, ẹwìrì sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i: iná nìyẹn. Irin tí alágbẹ̀dẹ fà yọ pọ́n, ó sì ń tàn, ṣùgbọ́n kò jó. Ooru tó wà lára rẹ̀ ló ń tàn. Bí irin yẹn ni láfà rí. Àwọ̀ rẹ̀ a máa fi bó ṣe gbóná tó hàn: ní nǹkan bíi 700°C, ó pupa ṣùgbọ́n kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ní 900 sí 1,000°C, ó ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, bó bá lé ní 1,100°C, ó ń lọ sí àwọ̀ ìyeyè.

Ọ̀pọ̀ láfà máa ń gbóná tó 700 sí 1,200°C. Láfà òkè Kilauea ní Hawaii máa ń tó nǹkan bíi 1,150°C. Èyí tó tutù jù lọ ni ti òkè Ol Doinyo Lengai ní Tanzania, tí kò ju 500 sí 600°C lọ. Dúdú bí ẹrẹ̀ ló máa ń rí lójú ọ̀sán. Ní ti iná, iná igi sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 600 sí 1,000°C, ibi tó gbóná jù nínú iná àbẹ́là lè tó 1,400°C, iná gáàsì ìdáná lè sún mọ́ 1,900°C, iná tí àwọn ajórin fi ń jó irin pọ̀ sì lè kọjá 3,000°C. Nítorí náà, iná kan lè gbóná ju láfà lọ.

Kí wá ni ìdí tí láfà fi ń ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìwọ̀n ìgbóná yàtọ̀ sí àpapọ̀ ooru. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ọwọ́ iná. Ohun tó kún àpótí tí ìbú, gígùn àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan kò tó kìlógíráàmù kan. Láfà tó bá kún àpótí kan náà lè lé ní 2,000 kìlógíráàmù. Ooru tó kó sínú pọ̀ jọjọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá sì dì, èèpo náà kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde, inú rẹ̀ sì lè gbóná fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Àwọn ará Fogo mọ èyí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2014, òkè Pico do Fogo bú. Láfà rọra ṣàn wọ àwọn abúlé Portela àti Bangaeira, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Chã das Caldeiras. Àwọn ènìyàn ráyè sá, ṣùgbọ́n ilé wọn kò lè sá. Ilé òkúta àti sìmẹ́ǹtì tí iná kì bá tí jó wó lulẹ̀ lábẹ́ ẹrù láfà, ó sì bo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú abúlé méjèèjì. Igi àti koríko tó ń jó lẹ́bàá láfà nìkan ni iná tòótọ́ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n panápaná kò fi ran láfà. Iyanrìn tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ iná kò lè ṣe nǹkan kan fún ohun tí kò lo afẹ́fẹ́. Omi lè mú kí ojú láfà dì, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pọ̀ púpọ̀: ní erékùṣù Heimaey ní Iceland lọ́dún 1973, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń tú omi òkun lé láfà lórí kó má bàa dí èbúté wọn pa. Níbi tí irú omi bẹ́ẹ̀ kò bá sí, kí ènìyàn tètè kúrò lọ́nà rẹ̀ ni ààbò.

Láfà tó bá ti tutù kì í ṣe eérú. Òkúta dúdú tó wà lórí ilẹ̀ gíga Biu àti ti Jos ní Nàìjíríà jẹ́ láfà tó ti dì láti ayébáyé. Bí òjò àti oòrùn ṣe ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó ń di ilẹ̀ ọlọ́ràá tí àgbẹ̀ ń dáko sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Chã das Caldeiras ṣe ń gbin èso àjàrà sórí ilẹ̀ tí òkè náà tú jáde.